Àjèjì tó fẹ́ ọmọ Thailand: ta ló ń fún un láyè láti gbé ibẹ̀, ta ló ń fún un láyè láti ṣiṣẹ́?

Ọdún 2025 kò jẹ́ kí àwọn àjèjì tó ń gbé Thailand sinmi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ni àwọn ẹ́ḿbásì Thailand kárí ayé kó ètò físà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí oṣù náà tó parí, òfin ìgbéyàwó tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: láti ọjọ́ 23, ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè forúkọ ìgbéyàwó wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nínú oṣù Karùn-ún, káàdì ìwọ̀lú orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TDAC rọ́pò fọ́ọ̀mù bébà TM.6. Nínú oṣù Kẹwàá, ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Ìmígíréṣọ̀n kéde pé àwọn á máa dá àjèjì tó ń jáde tó ń wọlé ṣáá, tó ń fi ìwọ̀lú aláìnífísà gbé ìlú, padà lẹ́nu ibodè.

Àwọn tó fẹ́ ọmọ Thailand ni gbogbo èyí rú lójú jù. Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ti fẹ́ ọmọ onílẹ̀ ti di ará ilé, kò sẹ́ni tó lè dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Àwọn mìíràn gbà pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan àfi tó bá kọ́kọ́ lọ gba físà àwọn oníṣẹ́, ìyẹn Non-B. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Iléeṣẹ́ ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ìmígíréṣọ̀n, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, ló ń sọ iye ọjọ́ tí àjèjì lè lò nílùú. Ẹ̀ka Ìgbanisíṣẹ́, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló ń sọ bóyá ó lè ṣiṣẹ́. Òǹtẹ̀ ọ̀kan kì í rọ́pò ti èkejì.

Ṣé ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé Thailand?

Kò fún un. Lójú òfin ìwọlé-wọ̀de ọdún 1979, àjèjì ni ọkọ tàbí aya ọmọ Thailand títí di ọ̀la. Ìgbéyàwó rẹ̀ kàn jẹ́ ìdí kan tó lè fi béèrè ààyè ni. Àṣẹ iléeṣẹ́ ọlọ́pàá 327/2557, tó jáde ní 2014 (2557 ni ọdún náà nínú kàlẹ́ńdà Thailand), ló ka àwọn ìdí tí wọ́n lè torí rẹ̀ fi ọjọ́ kún ọjọ́ àjèjì. Ìpín 2.18 nínú rẹ̀ ló kan ẹbí ọmọ Thailand. Ọdún kan péré ni wọ́n ń fúnni lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó ti bímọ mẹ́ta, á tún padà lọ béèrè tí ọdún bá yí po.

Ohun tí wọ́n ń fúnni pín sí méjì. Físà Non-Immigrant O ni àkọ́kọ́, òun ló ń gbé èèyàn wọlé fún 90 ọjọ́. Àfikún ọjọ́ ni èkejì, ìyẹn òǹtẹ̀ ọdún kan tí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n àdúgbò ń tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà lẹ́yìn tí 90 ọjọ́ náà bá ti ń lọ sópin. Òǹtẹ̀ ọdún kan yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní físà ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ ká má da méjèèjì pọ̀, torí pé òfin tó ń pa òǹtẹ̀ náà kì í ṣe èyí tó ń pa físà, a ó sì débẹ̀.

Irú ìgbéyàwó wo ni wọ́n mọ̀?

Èyí tó wà nínú ìwé ìjọba nìkan. Abala 1457 nínú ìwé òfin ìlú náà sọ pé àfi ìgbéyàwó tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló jẹ́ ìgbéyàwó. Àdúrà àwọn mọ́ńkì láàárọ̀, owó orí ìyàwó tí wọ́n ń pè ní sin sod, ayẹyẹ ní abúlé ìyàwó, gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n Ìmígíréṣọ̀n kò kà á kún. Bákan náà ni ìdáná àti ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní ìwé kóòtù.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Thailand á kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè tirẹ̀ pé kò sí ìgbéyàwó kankan lọ́rùn òun. Á ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Thai, á sì gbé e lọ sí ẹ̀ka kọ́ńsúlà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Chaeng Wattana ní Bangkok, níbi tí wọ́n ti ń gba 200 baht, ìyẹn owó Thailand, lórí òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí 400 baht fún ẹni tó ń kánjú. Lẹ́yìn náà ló kan amphoe, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní khet ní Bangkok. Ìwé méjì ló ń tibẹ̀ jáde: Kor Ror 3, tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé lé tọkọtaya lọ́wọ́, àti Kor Ror 2, tó jẹ́ àkọsílẹ̀ inú ìwé amphoe fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ti ṣègbéyàwó lókè òkun kò ní ṣe òmíràn. Ìwé ẹ̀rí wọn ni wọ́n á gba òǹtẹ̀ sí ní ìlú tí wọ́n ti ṣe é àti ní ẹ́ḿbásì Thailand tó wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ṣe é ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Abuja ló ṣáájú, ẹ́ḿbásì Thailand ní Abuja ló tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìtumọ̀ sí èdè Thai àti òǹtẹ̀ Chaeng Wattana, amphoe á kọ ọ́ sínú ìwé tó ń jẹ́ Kor Ror 22.

Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù níbí. Lẹ́tà Thai ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àjèjì sínú gbogbo ìwé wọ̀nyí, atúmọ̀ méjì sì lè kọ orúkọ kan náà ní ọ̀nà méjì. Orúkọ Yorùbá tó gùn tilẹ̀ burú jù, torí pé ìwé ìrìnnà kò kọ àmì ohùn sí i, kálukú ló ń pè é bó ṣe mọ̀. Bí orúkọ inú Kor Ror 2 bá yàtọ̀ sí ti ìwé mìíràn, wọ́n á dá yín padà lọ sí amphoe. Ẹ mú ọ̀nà ìkọ̀wé kan láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì máa fi han gbogbo atúmọ̀ tó bá tún bá yín ṣiṣẹ́.

Èló ni wọ́n ń béèrè, lọ́wọ́ ta sì ni?

Lọ́wọ́ ọkọ tó jẹ́ àjèjì. Yálà kó ní 400,000 baht nínú báǹkì Thailand, tàbí kí owó tó ń wọlé fún un tó 40,000 baht lóṣù. Obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin Thailand kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wò.

400,000 yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú àkáǹtì fún oṣù méjì gbáko kí èèyàn tó gbé ìwé rẹ̀ lọ, orúkọ àjèjì náà nìkan ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí àkáǹtì. Àkáǹtì tí òun àti ìyàwó jọ ní kò wúlò fún èyí. Bí owó bá lọ sílẹ̀ sí 399,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù méjì náà, kíkà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ ni kí ẹ lọ gba lẹ́tà báǹkì, kí ẹ fi owó kékeré kan sínú àkáǹtì tàbí kí ẹ yọ ọ́, kí ìwé báǹkì lè gbé ọjọ́ yẹn. Ẹ má fọwọ́ kan owó náà títí òǹtẹ̀ ọdún kan á fi jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè ná an. Ibí ni ètò ìgbéyàwó ti rọrùn ju ti àwọn tó fẹ̀yìn tì lọ: 800,000 baht ni tiwọn, àṣẹ sì de owó náà mọ́lẹ̀ fún wọn lẹ́yìn òǹtẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ lo owó oṣù, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Thailand, á mú ìwé àṣẹ iṣẹ́, lẹ́tà agbanisíṣẹ́ àti ìwé owó orí wá. Fún owó tó ń ti òkèèrè wọlé, lẹ́tà ẹ́ḿbásì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì àti Australia jáwọ́ nínú kíkọ ọ́ nígbà tí 2018 ń parí lọ sí 2019, torí pé wọn kò lè jẹ́rìí sí ohun tí wọn kò rí. Láti ìgbà náà, ẹ̀rí pé ó kéré tán 40,000 baht ń ti òkèèrè wọ báǹkì Thailand lóṣooṣù fún oṣù méjìlá ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn. Oṣù kan tó bá fò, ọdún náà ti fọ́.

Ọ̀rọ̀ owó orí tún ti wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2024, ẹni tó bá lo 180 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Thailand láàárín ọdún kan lè san owó orí lórí owó tó rí lókè òkun tó sì kó wọlé. Èyí tó ti rí kí 2024 tó dé ni wọ́n yọ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi 40,000 ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lóṣooṣù kí Ìmígíréṣọ̀n lè gbà fún un ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀ fún àwọn agbowó orí nígbà kan náà. Kó tọ́jú ìwé tó fi ọjọ́ tí ó rí owó náà hàn.

Báwo ni ètò náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó wà lókè òkun á béèrè Non-O lórí ìkànnì e-Visa Thailand. Ẹni tó ti wọlé pẹ̀lú físà arìnrìn-àjò tàbí láìní físà lè yí i padà sí Non-O láìjáde: fọ́ọ̀mù TM.86 ni ẹni tó ní físà ń kọ, TM.87 ni ti ẹni tí kò ní, 2,000 baht ni owó rẹ̀. Ọjọ́ tó kù nínú òǹtẹ̀ ìwọ̀lú gbọ́dọ̀ tó 15, ó kéré tán. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹwàá tó kù ti pẹ́ jù.

Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀nà aláìnífísà kò sí. Ìlú 93 ni Thailand ṣí ìwọ̀lú 60 ọjọ́ fún ní oṣù Keje 2024, Nàìjíríà kò sí lára wọn, kò sì sí lára àwọn tó ń gba físà lẹ́nu ibodè. Físà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kó tó wọkọ̀ òfurufú. Káàdì yẹ́lò fífà, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tún pọn dandan fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà, Benin, Togo tàbí Brazil wá. Kí wọ́n tó wo físà rárá ni wọ́n á ti béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Tí 90 ọjọ́ bá ku bí ọgbọ̀n ọjọ́, àkókò àfikún ti tó. Fọ́ọ̀mù TM.7 àti 1,900 baht ni, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà, Kor Ror 3, Kor Ror 2 tí amphoe ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde, káàdì ìdánimọ̀ ìyàwó tàbí ọkọ, ìwé ilé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní tabien baan, lẹ́tà báǹkì, àwòrán ọ̀nà tó dé ilé, àti fọ́tò tọkọtaya. Fọ́tò náà kì í ṣe ti ayẹyẹ. Ọ̀kan níwájú ilé, kí nọ́ńbà ilé hàn. Ọ̀kan ní pálọ̀. Ọ̀kan ní yàrá. Ìyàwó tàbí ọkọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀dà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń béèrè rẹ̀.

Wọn kì í fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Òǹtẹ̀ 30 ọjọ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọlọ́pàá Ìmígíréṣọ̀n lè wá sílé, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n bi aládùúgbò léèrè bóyá tọkọtaya náà jọ ń gbé lóòótọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọdún kan náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí 90 ọjọ́ àkọ́kọ́ parí, kì í ṣe láti ọjọ́ ìfọwọ́sí. Nítorí náà, ẹni tó lọ ní kùtùkùtù kò pàdánù ọjọ́ kankan.

Àwọn aṣojú kan wà tí wọ́n ń yá èèyàn ní 400,000 fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa ka oṣù méjì. Ìwé irọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá tú ìwé ọ́fíìsì náà wò lẹ́yìn náà, orúkọ àjèjì ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ti aṣojú.

Kí ló máa ń ba nǹkan jẹ́ lẹ́yìn tí òǹtẹ̀ ti jáde?

Ìrìn àjò ló ṣáájú. Bí èèyàn bá jáde ní Thailand láìgba ìwé àpadàwọlé, òǹtẹ̀ ọdún kan náà kú ní kété tó kọjá ibodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́wàá ló kù lórí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù TM.8 ni wọ́n fi ń gbà á: 1,000 baht fún ẹ̀ẹ̀kan, 3,800 baht fún iye ìgbà tó bá wù ú. Àwọn tó ń sáré lọ sílé nítorí òkú ló sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfurufú Suvarnabhumi, nítorí náà ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́ lè gbà á kó tó wọkọ̀.

Èkejì ni ìròyìn 90 ọjọ́. Gbogbo 90 ọjọ́ tí àjèjì bá lò láìjáde, ó gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù TM.47 sọ ibi tó ń gbé. Ààyè wà láti ọjọ́ 15 ṣáájú títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ á san 2,000 baht. Ìròyìn yìí kì í fi ọjọ́ kún ọjọ́. Àwọn kan ti rò bẹ́ẹ̀ rí títí òǹtẹ̀ fi tán lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta ni TM.30, tí onílé gbọ́dọ̀ fi sọ láàárín wákàtí 24 pé àjèjì wà nínú ilé òun. Bí ìyàwó bá ni ilé, òun ni onílé lójú òfin, orí rẹ̀ ni ìtanràn wà. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í gba ìwé àfikún lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní ìwé TM.30.

Ẹni tó bá lo ọjọ́ kọjá òǹtẹ̀ á san 500 baht lóòjọ́, kò ní ju 20,000 lọ. Àmọ́ láti oṣù Kẹta 2016, ìfòfindè ti tẹ̀lé owó náà: ẹni tó kọjá 90 ọjọ́ tó sì fúnra rẹ̀ jáde kò ní wọlé fún ọdún kan, ẹni tó kọjá ọdún kan kò ní wọlé fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n bá mú láàárín ìlú, bó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ló fi kọjá, ọdún márùn-ún ni. Ìyàwó àti ọmọ kò yí èyí padà.

Ṣé ẹni tó ní òǹtẹ̀ yìí lè ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣe é, bó bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Kò nílò láti yí Non-O rẹ̀ sí Non-B. Òfin ìṣàkóso iṣẹ́ àjèjì ti 2017, tí wọ́n tún ṣe ní 2018, ló ń darí èyí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìní ìwé á san ìtanràn 5,000 sí 50,000 baht, wọ́n á sì lé e kúrò nílùú. Agbanisíṣẹ́ rẹ̀ á san 10,000 sí 100,000 lórí àjèjì kọ̀ọ̀kan.

Agbanisíṣẹ́ ni ìwé pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, orúkọ àwọn tó ní ìpín, ìwé owó orí, ìwé owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́. Àjèjì á mú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, fọ́tò kékeré, àti ìwé dókítà tó sọ pé kò ní ẹ̀tẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ, jàbùtẹ̀, àtọ̀sí olóde tó ti wọra, oògùn olóró tàbí ọtí àmujù. Owó ìbéèrè jẹ́ 100 baht. Owó ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ 750 fún oṣù mẹ́ta, 1,500 fún oṣù mẹ́fà, 3,000 fún ọdún kan. Bó bá yí agbanisíṣẹ́ padà, kó fi tó ọ́fíìsì létí láàárín ọjọ́ 15.

Ibi tí ìgbéyàwó ti wúlò jù nìyí. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ gba àjèjì gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò mílíọ̀nù méjì baht lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Fún àjèjì tó fẹ́ ọmọ Thailand, mílíọ̀nù kan ni. Òfin òṣìṣẹ́ Thailand mẹ́rin sí àjèjì kan, tí Ìmígíréṣọ̀n fi ń wọn àwọn Non-B, kò sì sí nínú àfikún ti ìgbéyàwó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí Non-B, ọjọ́ rẹ̀ nílùú parí pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Ti ẹni tó wà lórí ìgbéyàwó kò parí; á máa gbélé rẹ̀ títí òǹtẹ̀ á fi tán, bó ti ń wá òmíràn.

Ibì kan wà tó ti ń ṣe òdìkejì, ó sì kan àwọn ará ilẹ̀ wa gan-an. Owó oṣù tí Ìmígíréṣọ̀n ń béèrè fún Non-B yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀: 50,000 baht fún ará Amẹ́ríkà tàbí ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, 25,000 fún ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà. Ti ìgbéyàwó kò mọ ilẹ̀, 40,000 ni fún gbogbo ọkọ. Olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà tó ń gba 30,000 lè gba àfikún lórí iṣẹ́ rẹ̀, kó má sì lè gbà á lórí ìyàwó rẹ̀, àfi tó bá ní 400,000 nílẹ̀.

Ṣé ọkọ lè bá ìyàwó rẹ̀ tajà?

Bó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ohun tó ṣe. Bó bá ń gbowó, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, tó ń po ọtí, ọlọ́pàá lè kà á sí iṣẹ́. Òfin náà ka iṣẹ́ sí iṣẹ́, yálà agbanisíṣẹ́ wà tàbí kò sí. Pé ìyàwó ló ni ibẹ̀ kò yọ ọ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ìyàwó forúkọ òwò náà sílẹ̀, kó ní mílíọ̀nù kan baht owó ìdókòwò, kó sì béèrè ìwé àṣẹ fún ọkọ rẹ̀. Ilé oúnjẹ kékeré ẹ̀gbẹ́ títì kò lè dé bẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí ìwé àṣẹ kò lè ṣí. Ìkéde iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní 2020 ka iṣẹ́ 40, ó sì yọ 27 nínú wọn sọ́tọ̀ pátápátá fún ọmọ ìlú: ọkọ̀ wíwà, irun gígẹ̀, ara wíwọ́ ti Thailand, mímú arìnrìn-àjò kiri, ọjà kíkiri, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ lọ́yà. Obìnrin Yorùbá tó bá fẹ́ ọkùnrin Thailand, tó sì fẹ́ ṣí ibi ìdirun, kó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò lè kan irun oníbàárà lábẹ́ òfin yìí. Ó lè jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó gbà síbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Thailand, ni yóò máa dirun.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà fún iléeṣẹ́ òkèèrè ni àríyànjiyàn kò tíì tán lórí rẹ̀. Físà DTV tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2024, ọdún márùn-ún, 180 ọjọ́ fún ìwọlé kọ̀ọ̀kan, fàyè gba irú rẹ̀ ní gbangba fún ẹni tó bá fi 500,000 baht hàn. Òǹtẹ̀ ìgbéyàwó kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn kan ní bí agbanisíṣẹ́ àti oníbàárà bá wà lókè òkun, kò sí iṣẹ́ ọmọ Thailand tí wọ́n gbà. Àwọn mìíràn ní òfin 2017 kò sọ pé ibi tí owó ti wá ló ń sọ nǹkan di iṣẹ́.

Kí ni òfin ìgbéyàwó tuntun yí padà?

Ó mú ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kúrò nínú ìwé òfin, ó fi ọ̀rọ̀ kan tó kan ẹni yòówù tó bá ṣègbéyàwó rọ́pò rẹ̀, ó sì gbé ọjọ́ orí ìgbéyàwó láti 17 sí 18. Kor Ror 3 kan náà ni gbogbo tọkọtaya ń gbà báyìí, ìyẹn sì ṣí ilẹ̀kùn Non-O fún àjèjì tó fẹ́ ẹni tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tirẹ̀.

Àmọ́ àṣẹ ọlọ́pàá 2014, tí gbèdéke owó wà nínú rẹ̀, ti wà kí òfin yìí tó dé, orí ọkọ tàbí aya ni wọ́n sì gbé e lé. Ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin Thailand kò gbọdọ̀ retí pé wọ́n á kà á sí aya. Kó múra 400,000 rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí àìníyàwó náà tún jẹ́ ìdènà, torí ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè àjèjì ló ń kọ ọ́, kì í ṣe Thailand. Orílẹ̀-èdè tó fòfin de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, bíi Nàìjíríà láti 2014, kò sí ohun tó pọn dandan fún un láti kọ ọ́.

Orí kí ni àwọn èèyàn ń jà lé?

Owó ni. Ní oṣù Kíní 2025, owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù ní Thailand wà láàárín 337 sí 400 baht. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù ní ibi tó pọ̀ jù gba 10,400. Àwọn ìdílé tí ọkọ wọn jẹ́ àjèjì ní kò sí ìdí tí wọ́n á fi béèrè bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ́wọ́ baba tó jẹ́ àjèjì, nígbà tí wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá tó jẹ́ àjèjì. Òfin ìgbéyàwó tuntun ti fi ọwọ́ kún ẹjọ́ yìí: bí ìwé ìgbéyàwó kò bá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin mọ́, kí ló dé tí ìwé Ìmígíréṣọ̀n ṣì ń yà á?

Ti ìjọba ni pé ìgbéyàwó àfowórà wà, owó nílẹ̀ àti bíbẹ ilé wò ló sì ń fi ojúlówó hàn. Wọ́n tún ní àjèjì gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀. Ní ti iṣẹ́, ààbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìjọba kan náà ló ṣí físà ọdún mẹ́wàá LTR ní 2022 àti DTV ní 2024 fún àwọn olówó àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tó fẹ́ ọmọ ìlú kì í yéé tọ́ka sí.

Tí ìgbéyàwó bá tú, tàbí tí ẹnì kejì bá kú ńkọ́?

Ìdí tí wọ́n torí rẹ̀ fúnni lọ́jọ́ ti lọ, ọjọ́ náà á lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ara wọn sílẹ̀ ní amphoe gbọ́dọ̀ tètè wá ìdí mìíràn: iṣẹ́ pẹ̀lú Non-B, ìfẹ̀yìntì bó bá ti pé 50 ọdún, tàbí ọmọ. Ẹni tó ní ọmọ Thailand tí kò tíì pé 20 ọdún, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, lè béèrè àfikún lórí ọmọ náà. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ìyàwó jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, torí pé àjèjì kò lè ní ilẹ̀ ní Thailand, ìwé tó sì fọwọ́ sí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á sọ pé owó ìyàwó nìkan ni wọ́n fi rà á.

Ṣé ọ̀nà wà láti bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ọdọọdún?

Méjì ló wà. Lẹ́yìn àfikún ọdún mẹ́ta léra wọn, àjèjì lè béèrè ibùgbé ayérayé. Èèyàn 100 péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Owó ìbéèrè jẹ́ 7,600 baht, wọn kì í dá a padà. Owó ìfọwọ́sí jẹ́ 191,400, àmọ́ 95,700 ni fún ẹni tó fẹ́ ọmọ Thailand. Ẹni tó bá gbà á kò ní béèrè àfikún mọ́, síbẹ̀ ó ṣì nílò ìwé àṣẹ kó tó ṣiṣẹ́.

Èkejì ni dídi ọmọ ìlú. Láti 2008, òfin ti yọ ọkọ ọmọ Thailand kúrò nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún pẹ̀lú ibùgbé ayérayé kí wọ́n tó béèrè. Ìyàwó ọmọ Thailand ní abala tirẹ̀ tó rọrùn jù. Ọkọ gbọ́dọ̀ ti forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọdún kan bí ọmọ bá wà, kó sì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti ẹ̀rí owó orí. Ọkọ tó ń jẹun lórí 400,000 báǹkì láìṣiṣẹ́, bó lo ọgbọ̀n ọdún, kò ní ìwé tí wọ́n ń béèrè níbí.